Nááfù Kì í Ṣe Wáyà Iná

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìjà ni mo gbé wá. Ìjà náà dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo àwa tí a kọ́ nípa ara ènìyàn ti há sórí láti ilé-ẹ̀kọ́ girama: pé nááfù dà bí wáyà, pé iṣan dà bí gílóòbù, bí iná bá gba inú wáyà dé, gílóòbù a tàn, bí iná bá lọ, gílóòbù a kú. Ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ó rọrùn láti há sórí, ó sì ń gba máàkì fún ẹni tí ó bá kọ ọ́. Èmi ń sọ pé irọ́ ni, kì í sì í ṣe irú irọ́ tí a fi ń rẹ ọmọdé kí ó lè sùn. Ẹni tí ó bá gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní nááfù àti ohun tí mò ń pè ní iṣan, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà, iṣan, ni àwọn baba wa fi pe ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tí ó so ẹran mọ́ egungun, èyí tí a fi ń gbé ẹrù, àti èyí tí ń jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lára bí iná bá jó wa. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, iṣan ni ẹran ara tí ó ń súnkì tí ó sì ń dẹ̀: ti apá, ti itan, ti ọkàn, àti èyí tí ó yí ìfun ká. Nááfù ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ọ̀rọ̀ wá bá iṣan. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́nńbélé fún un. Kí wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀, èmi yóò lò ó. Ṣùgbọ́n n kò lè dúró dè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn alátakò mi ní ohun tí í ṣe tiwọn. Òótọ́ ni pé iná ń sáré nínú nááfù. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ti dé òpin nááfù, ọ̀nà pin fún un. Nááfù kò fi ara kan iṣan. Àlàfo wà láàárín wọn, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá to irú rẹ̀ 20,000 pọ̀, gbogbo rẹ̀ kò ní ju mìlímítà kan lọ. Ohun tí ń la àlàfo yìí kọjá kì í ṣe iná, èròjà ni. Otto Loewi ni ó fi èyí hàn ní Graz, ní ilẹ̀ Austria, ní 1921. Ó mú ọkàn àkèré méjì, ó fi wọ́n sínú omi iyọ̀. Ó ta nááfù tí ó máa ń mú kí ọkàn rọra lù jí lára ọkàn kìn-ín-ní, ọkàn náà sì rọra ń lù. Ó wá bu omi tí ó yí i ká, ó dà á sí ọkàn kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nááfù rẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Omi ni ó gbé ọ̀rọ̀ lọ. Èròjà tí ó wà nínú omi náà ni a mọ̀ sí acetylcholine lónìí. Ní 1936 Henry Dale àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní London fi hàn pé acetylcholine yìí kan náà ni nááfù ń tú sí àwọn iṣan tí a fi ń rìn tí a sì fi ń gbé ẹrù. Ní ọdún yẹn kan náà ni òun àti Loewi jọ gba Ẹ̀bùn Nobel. Bí àwọn ọdẹ South America bá fi curare sẹ́nu ọfà, ohun tí májèlé náà ń ṣe ni pé ó ń di etí iṣan sí acetylcholine, ẹran náà a sì rọ jọwọlọ. N kò ní ohunkóhun lòdì sí gbogbo èyí. Acetylcholine ni olórí ọ̀rọ̀ ní iṣan apá àti ti ẹsẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n olórí kì í ṣe gbogbo ìlú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí a ti fi “olórí” ṣe “òun nìkan”. Nínú àsọyé kan tí Dale ṣe ní 1934, ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí sẹ́ẹ̀lì nááfù kan máa tú èròjà kan náà ní gbogbo òpin rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni John Eccles sọ èrò yìí di Òfin Dale. Láti ẹnu dé ẹnu, láti ìwé dé ìwé, ó di pé nááfù kan, èròjà kan. Dale kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé inú ilé iṣẹ́ Dale gan-an ni ẹ̀rí tí ó tako irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde, ní 1931, ọdún márùn-ún ṣáájú kí ó tó gba ẹ̀bùn. Ulf von Euler, ọmọ ilẹ̀ Sweden, àti John Gaddum ni wọ́n fa nǹkan kan jáde láti inú ọpọlọ àti ìfun ẹṣin. Bí wọ́n bá fi kan ìfun ehoro, ìfun náà a súnkì. Wọ́n fi atropine sí i, èyí tí ń di etí ìfun sí acetylcholine, síbẹ̀ ìfun náà ń súnkì. Èyí fi hàn pé ẹlòmíràn wà nílé. Wọ́n pe ẹlòmíràn náà ní substance P.

Ó gba 40 ọdún kí ayé tó mọ ohun tí P jẹ́. Ní 1971 ni Susan Leeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà to ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ síta: amino acid mọ́kànlá tí a sín pọ̀ sára okùn kan. Irú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni purotéènì inú ẹyin àti inú ẹ̀wà, àfi pé okùn ti purotéènì gùn, ti peptide sì kúrú. Peptide tí ó bá jẹ́ pé nááfù ni ó ń lò ó láti fi bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ni à ń pè ní neuropeptide. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni dìídì fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ fún 40 ọdún. Iṣẹ́ náà le, ohun èlò kò sì tó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi tọkàntọkàn wá ẹni kejì nínú ilé tí gbogbo ìwé ti sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé ibẹ̀?

Ìwà neuropeptide yàtọ̀ sí ti acetylcholine pátápátá. Acetylcholine ni nááfù ń po ní ẹnu ọ̀nà, ní òpin rẹ̀ gan-an. Kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó po òmíràn. Neuropeptide kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ara sẹ́ẹ̀lì, ní ìdí nááfù, ni a ti ń ṣe é; ibẹ̀ ni a ti ń dì í sínú àpò tí ó tóbi ju ti acetylcholine lọ, tí a sì ń rù ú lọ sí òpin nááfù. Láti ògóóró ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìrìn àjò náà lè gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà nááfù kì í fi í ṣòfò. Bí iná bá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, acetylcholine nìkan ni ó sábà máa ń jáde. Ìgbà tí iná bá ń rọ́ wá wìtìwìtì ni àpò neuropeptide ń ṣí. Bí ọ̀rọ̀ acetylcholine bá sì ti dún, ó ti tán, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú àlàfo tí ń gé e wẹ́wẹ́ kíákíá. Ti neuropeptide ń pẹ́: ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà mìíràn. Etí tí iṣan fi ń gbọ́ ọ pàápàá yàtọ̀. Kì í ṣí ilẹ̀kùn kí iná lè wọlé ní kíá. Inú iṣan lọ́hùn-ún ni ó ti ń ṣe àtúntò, tí ọ̀rọ̀ acetylcholine tí ó bá tún dé lẹ́yìn náà yóò fi dún yàtọ̀ létí iṣan.

Ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lóye èyí. Ẹ wo onídùndún. Kọ̀ǹgọ́ ni ó ń mú kí ìlù dún. Bí a bá gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fún ọsán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìlù kò ní fọhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó mú ọwọ́ kúrò lára ọsán, kí ó máa fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ nìkan. Ariwo ni ẹ óò gbọ́, ẹ kò ní gbọ́ oríkì. Acetylcholine ni kọ̀ǹgọ́, neuropeptide ni ọwọ́ tí ó wà lára ọsán. Ẹni tí èdè rẹ̀ mọ igbá yàtọ̀ sí igba, tí ó mọ ìgbà yàtọ̀ sí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tí ó wá gbà pé gbogbo ohun tí nááfù ń sọ fún iṣan kò ju “dún” àti “dákẹ́” lọ, ẹ̀kọ́ òyìnbó àtijọ́ ni ó mú un gbàgbé etí ara rẹ̀. Mo ní òyìnbó àtijọ́, nítorí òyìnbó òde òní ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àlọ́ ni mò ń pa, kí ó gbọ́ ti aáyán. Ní Canada, Brian Brown àti Alvin Starratt lọ 125,000 aáyán kí wọ́n lè rí nǹkan bí 180 microgram èròjà kan fà yọ, ìwọ̀n tí ojú lásán kò ní kà sí nǹkan. (Ìyá mi ì bá kó ti ilé ìdáná rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.) Ní 1975 ni wọ́n kéde rẹ̀: peptide onílẹ̀kẹ̀ márùn-ún, proctolin ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìfun aáyán, proctolin tilẹ̀ lè mú iṣan súnkì fúnra rẹ̀, kí àfiwé ìlù mi má baà tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ aáyán ni ẹ̀rí tí ó bá ọ̀rọ̀ mi mu jù wà. Ní 1983 Michael Adams àti Michael O'Shea fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì nááfù kan ṣoṣo ń bá iṣan ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀ lọ́nà méjì. Èròjà kìn-ín-ní a mú iṣan ta kìjí, a sì tán. Proctolin a tẹ̀ lé e, a mú iṣan náà le, a sì dì í mú fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí proctolin sì ń ṣe é, iná ara iṣan náà kò yí padà. Ẹ̀yin oníwáyà, ẹ dá mi lóhùn: iná kò pọ̀ sí i, iṣan sì le. Níbo ni gílóòbù yín wà?

Ẹ tún wo ẹ̀yà ìgbín inú òkun kan tí wọ́n ń pè ní Aplysia. Ewéko òkun ni ó ń jẹ, bí ó sì ti ń bù ú jẹ, iṣan kan a pa ẹnu dé, òmíràn a ṣí i. Acetylcholine ni nááfù fi ń pàṣẹ fún iṣan tí ń pa ẹnu dé. Bí oúnjẹ bá wọ̀ ọ́ lára tí ó ń yára bù ú, ìṣòro kan dé: bí iṣan yìí bá súnkì gidi, tí kò sì tètè dẹ̀, ìgbà tí ó bá kàn án láti ya ẹnu, iṣan méjèèjì yóò máa bá ara wọn wọ̀yá ìjà. Àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí, bíi Klaudiusz Weiss àti Irving Kupfermann ní New York, rí i pé nááfù kan náà tí ń tú acetylcholine ń tú neuropeptide mọ́ ọn, pé neuropeptide náà ń mú kí iṣan súnkì jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó sì tún yára dẹ̀. Wọ́n tún bá òmíràn, buccalin, nínú nááfù kan náà, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti dín acetylcholine tí ń jáde kù. Olùtúpọ̀ àti olùdínkù nínú ilé kan! Wáyà wo ni ó mọ irú ọgbọ́n yìí? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́ ahọ́n: aáyán àti ìgbín ni èyí, ènìyàn ńkọ́? Ó dára. Nínú àwọn nááfù tí ń mi iṣan apá àti ẹsẹ̀ ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú, neuropeptide kan wà tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 37, tí a ń pè ní CGRP. Ní 1985 àwọn onímọ̀ ní Japan fi hàn pé ó ń mú kí iṣan eku tí a ta nááfù rẹ̀ jí súnkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1986, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan láti London, èkejì láti Paris, fi hàn pé CGRP ń mú kí sẹ́ẹ̀lì iṣan ọmọ adìẹ ṣe etí púpọ̀ sí i fún acetylcholine. Ẹ ronú sí i: ọ̀rọ̀ tí ó ń mú kí olùgbọ́ hu etí tuntun. Ní 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí erenumab, oògùn ẹ̀fọ́rí túúlu tí ń di etí CGRP ní ibòmíràn nínú ara. Àwọn oníṣòwò oògùn ti mọ̀ ọ́n. Àkọsílẹ̀ kíláàsì wa ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Alátakò tí ó mọ̀wé jù lọ yóò mú eku ti 1999 kọlù mí. Wọ́n yọ CGRP kan, èyí tí a ń pè ní alpha, kúrò nínú àbínibí àwọn eku kan, ibi tí nááfù ti pàdé iṣan lára wọn sì dàgbà bó ṣe yẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti ṣubú. Kò ṣubú. CGRP kejì, beta, ṣì wà lára àwọn eku náà. Àti pé ìbéèrè tí wọ́n bi eku náà ni pé, ṣé oríta yẹn dàgbà? Wọn kò bi í bóyá iṣẹ́ rẹ̀ kò dín lọ́jọ́ tí làálàá bá dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwúlò ọsán kò ní kàn wò ó bóyá ìlù náà ṣe róbótó.

Mo ti ní ọ̀rọ̀ yìí ń dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Harald Hirschsprung, dókítà ọmọdé ní Copenhagen, ṣe àlàyé àìsàn kan ní 1886. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 5,000 ni ó ń bí i mọ́. Ọmọ náà kò yàgbẹ́ dúdú ọjọ́ ìbí bí ó ti yẹ. Ikùn rẹ̀ wú. Ó ń bì. Ìsàlẹ̀ ìfun rẹ̀, níbi tí ó kángun sí ìdí, kò ní àwọn sẹ́ẹ̀lì nááfù tí ó yẹ kí ó wà nínú ògiri rẹ̀. Ẹ wá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ oníwáyà léèrè: ibi tí kò ní sẹ́ẹ̀lì nááfù yìí, báwo ni iṣan rẹ̀ yóò ṣe rí? Yóò dáhùn kíá pé iná ti lọ, gílóòbù ti kú, iṣan yóò dẹ̀ ni.

Rárá o. Ibẹ̀ ni ó fún, tí ó sé pinpin. Òkè rẹ̀, tí ó ní sẹ́ẹ̀lì nááfù pípé, ni ó fẹ̀ tí ó wú, nítorí ìgbẹ́ kò rí ọ̀nà kọjá. Ìdí ni pé iṣẹ́ ńlá àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò sí yẹn ni láti sọ fún iṣan pé kí ó dẹ̀, wọ́n sì ń fi èròjà méjì sọ ọ́: ọ̀kan ni nitric oxide, tí í ṣe atẹ́gùn, èkejì ni VIP, neuropeptide onílẹ̀kẹ̀ 28 tí Sami Said àti Viktor Mutt kéde ní 1970. Àwọn nááfù tí ń gbé acetylcholine wá láti òde ṣì ń dé ibẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń nípọn sí i. Kọ̀ǹgọ́ kù, ọwọ́ tí ń dẹ ọsán ni kò sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá tí ó wú ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gé, wọ́n ń fi apá tí ó rí bí ẹni pé ó dára sílẹ̀, àìsàn náà a sì padà. Ní 1948 ni Orvar Swenson ní Boston fi hàn pé apá tí kò wú ni kí a gé. Swenson kò mọ VIP nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ ọ́n báyìí, a sì ń fi wáyà àti gílóòbù kọ́ àwọn tí yóò di dókítà, tí wọ́n á wá dúró lọ́jọ́ kan níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, mo ṣe ìdánwò kan rí. Ìbéèrè náà ni pé kí a dárúkọ èròjà tí nááfù fi ń bá iṣan sọ̀rọ̀. Mo kọ acetylcholine, mo sì fi ìlà kan kún un pé CGRP ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, àti pé VIP àti substance P ń bẹ ní ìfun. Yíǹkì pupa gba orí ìlà náà kọjá, máàkì méjì sì lọ. Mo tọ olùkọ́ náà lọ, mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo bi í léèrè. Ó ní, “Ohun tí mo kọ́ yín ni kí ẹ kọ.” Máàkì méjì kò pa mí. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n jókòó ní kíláàsì náà, tí wọ́n gbọ́ ìtàn máàkì mi, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní ka ohunkóhun tí ó bá kọjá àkọsílẹ̀ olùkọ́ mọ́. Wọ́n gba máàkì wọn pé. Dókítà ni díẹ̀ nínú wọn báyìí.

Wọn a ní ọ̀rọ̀ neuropeptide ti le jù fún ọmọ ọdún kìn-ín-ní, pé kí a kọ́kọ́ fún un ní wáyà, bí ó bá dàgbà yóò mọ ìyókù. Ta ni ó rí i kí ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ohun tí a kọ́kọ́ há sórí ni ó ń kẹ́yìn kúrò lórí. Ọmọ ọdún márùn-ún ní agbo ìlú wa mọ̀ pé ọsán ni ó ń mú kí dùndún sọ̀rọ̀. Kò sí onílù tí ó máa ń sọ fún un pé awọ nìkan ni ó wà, pé bí ó bá dàgbà òun yóò fi ọsán hàn án.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa kò pọ̀. Nínú ìdánwò ọdún tí ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ìbéèrè “dárúkọ èròjà náà” tì. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ó dé tí ìfun ọmọ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì nááfù fi fún dípò kí ó dẹ̀, ẹ sì fún wọn ní ojú ìwé méjì láti fi dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì rò pé mo ṣe àṣejù, ojú ewé ìwé wa yìí ṣí sílẹ̀ fún un. Kí ó kọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó mú ẹ̀rí wá, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.